Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé ìwé adójútòfò mi yóò bá mi dé orí òkè Kilimanjaro?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹni ọdún 52 ni mí, Manchester ni mo sì ń gbé. Èmi àti àwọn márùn-ún nínú ìjọ wa fẹ́ gun òkè Kilimanjaro ní Tàǹsáníà lóṣù Kẹsàn-án, ká lè fi kó owó jọ fún ilé-ìwé kan ní Òṣogbo. Mo ní ìwé adójútòfò ìrìn-àjò ọlọ́dọọdún tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó kárí gbogbo àgbáyé, tó sì dárúkọ rírìn lórí òkè. Ọkọ mi ní kí n yéé da ara mi láàmú, pé ó ti tó. Ṣé ó tó lóòótọ́? Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.
Ìyá Ìbejì, Manchester.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ kù síbì kan. “Gbogbo àgbáyé” ń sọ ibi tí ẹ lè lọ, kò sọ bí ẹ ṣe lè gòkè tó níbẹ̀. Ẹ wá ojú ewé tí wọ́n ti to àwọn eré ìdárayá sílẹ̀, kí ẹ sì wo iye mítà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rírìn lórí òkè. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan dúró sí 3,000, àwọn mìíràn sí 4,000 tàbí 4,500, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mítà 5,895 ni ṣóńṣó Uhuru tí ẹ ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà Marangu wò ó. Ilé ìsùn Horombo wà ní mítà 3,720, Kibo tó tẹ̀lé e sì wà ní 4,720. Ẹni tí ìwé rẹ̀ dúró sí 4,000 yóò fọkàn balẹ̀ sùn ní Horombo, ṣùgbọ́n kó tó dé Kibo ni ààbò náà ti bọ́ lára rẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti dín kù gan-an, tí orí fífọ́, èébì àti òòyì sì lè le débi pé wọ́n á máa fi ibùsùn gbé ènìyàn sọ̀kalẹ̀ lóru. Nítorí náà, ẹ pe ilé-iṣẹ́ yín, kí ẹ ní kí wọ́n sún un dé 6,000, kí ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fi pamọ́ nítorí pé oògùn kan ṣoṣo ni ẹ ń lò lójúmọ́. Òfin ọdún 2012 ní Bìrìtìkó ní kí oníbàárà fi ìṣọ́ra dáhùn ohun tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá bi í. Bí ìdáhùn bá yàtọ̀ sí òtítọ́, wọ́n lè dín owó yín kù tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́ pátápátá. (Ẹ tún bi àwọn ẹlẹgbẹ́ yín bóyá ẹnì kan nínú wọn jẹ́ AS, nítorí òkè gíga ti dá ìrora líle sílẹ̀ lábẹ́ ìhà òsì àwọn AS kan tí ara wọn dá ṣáṣá nílé. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.)

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti hẹlikópítà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fẹ́ kí a kọ́kọ́ pè wọ́n kí wọ́n fàṣẹ sí i. Wọn kò ṣàdédé le bẹ́ẹ̀: lọ́dún 2018, àṣírí tú ní Nepal pé àwọn kan ń fi hẹlikópítà gbé arìnrìn-àjò tí kò ṣàìsàn rárá, kí wọ́n lè gba owó adójútòfò. Ẹ kọ nọ́ńbà pàjáwìrì wọn àti nọ́ńbà ìwé yín sórí páálí kékeré kan, kí ẹ sì fún afinimọ̀nà yín ní ẹ̀dà rẹ̀, torí ẹni tí òòyì ń kọ́ kò lè wá nǹkan nínú fóònù.

Bí ilé-iṣẹ́ yín kò bá gbà láti sún un dé 6,000, ẹ ra òmíràn fún ìrìn-àjò yìí nìkan, kí ẹ sì tètè rà á, kó lè bo owó tí ẹ ti san tí àìsàn bá dá yín dúró sílé. Ẹ ní kí àwọn márààrún yòókù mú ìwé tiwọn wá sí ìpàdé yín tó ń bọ̀; tiyín kò lè gbé ẹlòmíràn sọ̀kalẹ̀.