Yunifásítì mẹ́ta fẹ́ jọ kọ sọ́fítíwià àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́: ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Agbaṣẹ́ṣe ló ni pọ́tálì tí à ń lò. Iye akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní ló fi ń ṣírò owó rẹ̀ lọ́dọọdún, àdéhùn wa yóò sì parí ní oṣù kẹsàn-án. Ilé-ìwé méjì mìíràn nítòsí wa ń jẹ irú ìyà kan náà. Gíwá wa wá ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kọ sọ́fítíwià tiwa, kí kóòdù rẹ̀ (àwọn ìlànà tí a kọ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé) wà ní gbangba, kí ilé-ìwé tó bá fẹ́ lè mú un lò lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ àbá wá. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀rù sì ń bà mí: bí kóòdù bá wà ní gbangba, ṣé gbogbo ayé kò ní máa wo èsì ìdánwò àwọn ọmọ wa?

Ìdáhùn

Ẹ kú làálàá. Ẹ̀rù tó ń bà yín ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn, torí òun ni Sẹ́nétì ilé-ìwé yín yóò kọ́kọ́ bi yín. Kóòdù yàtọ̀ sí àkọsílẹ̀. Ẹ wo Koha, sọ́fítíwià tí ọ̀pọ̀ láìbúrárì yunifásítì ní Nàìjíríà ń lò. Bóyá ó tilẹ̀ wà ní tiyín. Ní New Zealand ni wọ́n ti kọ ọ́, fún àwọn láìbúrárì agbègbè kan tó ń jẹ́ Horowhenua, wọ́n sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2000. Ẹnikẹ́ni ló lè ka kóòdù rẹ̀ látòkè délẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ará ìta tó lè mọ ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ yín yá lánàá, nítorí orí server ilé-ìwé yín, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà, ni orúkọ ọmọ náà wà, kò sí nínú kóòdù. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí pẹ̀lú èsì ìdánwò.

Ọwọ́ àwọn tó ń kọ kóòdù gan-an ni ewu wà. Ọ̀dọ́ kan á fẹ́ dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, á kó èsì gidi ti àwọn ọmọ 300 level sínú fáìlì kan, á sì gbé e jáde pọ̀ mọ́ kóòdù láì fura. Tàbí kó kọ password database, ibi tí gbogbo àkọsílẹ̀ wà, sáàárín iṣẹ́ rẹ̀ kó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fòfin dè é láti ọjọ́ kìn-ín-ní: orúkọ àti máàkì àtọwọ́dá nìkan ni kí wọ́n máa fi dán iṣẹ́ wò, kí password má sì wọ inú kóòdù rárá. Nàìjíríà ní òfin ààbò dátà láti ọdún 2023, ilé-ìwé tó gba dátà lọ́wọ́ ọmọ kò sì lè ti ẹjọ́ rẹ̀ sọ́rùn agbaṣẹ́ṣe.

Ṣé ó ṣeé ṣe? Ó ṣeé ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn méjì tó wá láti inú ilé kan náà.

Ní nǹkan bí ọdún 2004, àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà kóra jọ láti máa kọ sọ́fítíwià tiwọn dípò kí wọ́n máa rà á. Wọ́n sọ iṣẹ́ náà ní Kuali, orúkọ tí àwọn ará Malaysia ń pe agbada ìdáná: ohun èlò lásán tí kò sí ilé ìdáná tó lè ṣe láìsí i. Orúkọ yẹn wù mí púpọ̀, torí agbada ìyá alákàrà ni mo máa ń rí bí mo bá gbọ́ ọ. Ètò ìṣirò owó ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Indiana University ti ní èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí a ṣe to ìyẹn ni wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2009, Colorado State University ti ń fi ṣe ìṣirò owó rẹ̀. Cornell náà tẹ̀ lé e.

Ìtàn kejì: ọdún 2007 ni ẹgbẹ́ kan náà bẹ̀rẹ̀ Kuali Student, èyí tó jẹ́ ti àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ilé-ìwé ńlá ló dìde sí i: University of British Columbia ní Kánádà, Berkeley, Maryland, Florida State. Wọ́n ní àwọn kò ní lo ti ẹnikẹ́ni, àwọn á kọ tuntun láti ilẹ̀pẹ̀, yóò sì gba gbogbo ìgbésí ayé akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé mọ́ra. Apá tó ń ṣètò kọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ parí. Ọdún ń gorí ọdún, èyí tó kù kò tètè dé, àwọn ilé-ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Berkeley yíjú sí PeopleSoft, sọ́fítíwià títà ti ilé-iṣẹ́ Oracle. British Columbia lọ sọ́dọ̀ Workday, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ta sọ́fítíwià, ọdún 2024 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ní 2014, Kuali fúnra rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ aláèrè sílẹ̀ láti máa gbé iṣẹ́ náà lọ, èyí tí kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ti bá a bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ló wà nídìí iṣẹ́ méjèèjì, owó sì wà. Ohun tí mo rí sí i ni pé ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ti ń ṣiṣẹ́, èkejì bẹ̀rẹ̀ láti orí àlá. Èyí tó wọlé tán, èyí tó jáde tán, ìṣirò owó kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ilé-ìwé kan sí èkejì. Àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló kún fún àṣà ìdílé. Ẹ bi àwọn exam officer ilé-ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yín pé: ọmọ tó gba F nígbà àkọ́kọ́, tó tún un ṣe tó gba B, èwo ni a ó kà nínú CGPA rẹ̀, èyí B nìkan ni, àbí méjèèjì? Ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ ìdáhùn mẹ́ta. Ẹ tún bi wọ́n pé máàkì mélòó ni ọmọ fi ń yege, àti iye unit tí ọmọ lè forúkọ sí ní sẹ̀mẹ́sítà kan. Bí ẹ bá kọ irú òfin wọ̀nyí mọ́ inú kóòdù, ìjà yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé kẹta. Inú tábìlì kan nínú database ni kí òfin wà, níbi tí rẹ́jísírì ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ti lè yí tirẹ̀ padà láì pe ẹni tó ń kọ kóòdù. Kí ọjọ́ tí òfin kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sì wà lára rẹ̀, torí òfin tí ọmọ tó wọlé ní 2016 bá pàdé ni ó yẹ kí a fi ṣírò transcript rẹ̀ bó bá padà wá béèrè.

Kí gíwá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yé ara wọn lórí ohun kan kí wọ́n tó bọwọ́ lùwé: àáró ni èyí, kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Ẹni tó wá sí ọ̀wẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, ó jẹun, ó lọ. Nínú àáró, mo bá ọ ro tìrẹ lónìí, ìwọ náà yóò bá mi ro tèmi lọ́la, èèyàn kò sì lè yọ láàárín kí oko gbogbo tó yípo. Sọ́fítíwià kò ní ọjọ́ tí a ń parí rẹ̀. Nítorí náà, kí àdéhùn sọ iye òṣìṣẹ́ tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan yóò yọ̀ǹda, pẹ̀lú owó oṣù wọn nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan ò bá ní: bí ilé-ìwé kan ò bá lówó, kí ó mú àwọn exam officer tó mọ iṣẹ́ dunjú wá. Ìyẹn náà jẹ́ ẹrù gidi, mo sì rò pé ó wọ́n ju àwọn tó ń kọ kóòdù lọ. Kí rẹ́jísírà wà nínú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú agbára ìdìbò. Iṣẹ́ tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún ICT nìkan, Sẹ́nétì yóò kọ̀ ọ́.

Ẹ má rò pé irú àjọṣe yìí kò pẹ́ rí. Ní Sweden, Ladok ni ọ̀pọ̀ jù lọ yunifásítì ń lò láti tọ́jú àkọsílẹ̀, àwọn ilé-ìwé náà ló sì jọ ni ín. Ní Argentina, ẹgbẹ́ tí àwọn yunifásítì ìjọba jọ dá sílẹ̀ ló ń ṣe SIU-Guaraní fún ara wọn. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú méjèèjì ni pé àwọn ilé-ìwé ló jọ ni ín. Èèyàn lè ṣí kóòdù sílẹ̀ lónìí kí ó má sí ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Nípa ìwé àṣẹ ìlò, ìyẹn ìwé tó sọ ohun tí èèyàn lè fi kóòdù yín ṣe, AGPL (Affero General Public License) ni màá yàn bí mo bá wà ní ipò yín. Ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ míràn gba agbaṣẹ́ṣe láàyè láti mú kóòdù yín, kó tún un ṣe, kó sì máa ta á fún ilé-ìwé mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì fi ohun tó tún ṣe hàn. AGPL ní kó fi kóòdù rẹ̀ hàn àwọn tó ń lò ó. Kó tà á, kò burú. Kó má ṣá à tì í pa.

Ibo lẹ ó wá ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ má fọwọ́ kan ìgbaniwọlé, ẹ má fọwọ́ kan owó ilé-ìwé. Èsì ìdánwò àti transcript ni kí ẹ mú, torí ibẹ̀ ni ẹkún pọ̀ sí. Bí ọ̀kan nínú ilé-ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti ní ètò kékeré kan tí ọmọ ilé fúnra wọn kọ, tó sì ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni ìpìlẹ̀ yín, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ burú. Ẹ gbà pé Excel ni exam officer ń lò, kí sọ́fítíwià yín sì gba fáìlì Excel wọlé láìjà, torí iná lè lọ nígbàkígbà. Bí máàkì bá yí padà lẹ́yìn tó ti wọlé, kí ètò náà kọ orúkọ ẹni tó yí i, ọjọ́ tó yí i, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ìdí tó fi yí i; kí ẹnikẹ́ni, títí kan olórí ICT, má lè pa àkọsílẹ̀ yẹn rẹ́. Ẹ fi fákọ́tì kan ṣoṣo ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan dán an wò fún sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko, kí ètò àtijọ́ máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa fi èsì méjèèjì wéra. Níbi tí wọn ò bá ti bára mu, ẹ lọ wo ìwé tí olùkọ́ fọwọ́ sí. Ó máa ń jẹ́ ètò àtijọ́ ló ṣìnà nígbà míràn.

Ẹ ó rí i pé oṣù kẹsàn-án kò lè bá yín níbẹ̀. Ẹ bá agbaṣẹ́ṣe tún àdéhùn ṣe fún ọdún kan péré, ṣùgbọ́n ẹ gba dátà yín kí ẹ tó bọwọ́ lùwé. Mo ti bá ilé-ìwé kan ṣiṣẹ́ rí tó dúró di ọjọ́ ìparí kó tó béèrè. PDF ni agbaṣẹ́ṣe kó fún wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé, a sì jókòó tẹ èsì ọdún mẹ́fà padà lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọmọ tó yẹ kó lọ sin ìlú bí àgùnbánirọ̀ ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. N kò fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí rẹ́jísírà fọwọ́ sí lẹ́tà kan sí agbaṣẹ́ṣe yín. Kí ó béèrè gbogbo database gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, kì í ṣe ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde: nọ́ńbà mátíríìkì, kọ́ọ̀sì àti unit rẹ̀, máàkì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sáà àti sẹ̀mẹ́sítà rẹ̀, àkọsílẹ̀ àtúnṣe máàkì, fọ́tò àwọn ọmọ, àti ìwé tó ṣàlàyé ohun tí tábìlì kọ̀ọ̀kan wà fún. Bí ó bá dé, ẹ mú ọmọ ogún tó ti jáde, ẹ ṣírò CGPA wọn láti inú dátà yẹn, kí ẹ fi wé èyí tí Sẹ́nétì fọwọ́ sí. Bó bá bára mu, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àbá yín fún gíwá.