Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Òṣìṣẹ́ ò tó nílé ìtọ́jú arúgbó, òwúrọ̀ sì ń dàrú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Kent, ní England, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe igbákejì mánéjà nílé ìtọ́jú arúgbó kan tó ní 40 yàrá. Àwọn kéárà tó ń tọ́jú arúgbó ń lọ, a ò rí arọ́pò wọn, owó ẹ́jẹ́nsì tó ń yá wa lóṣìṣẹ́ sì ti ń wọra. Ẹni tó ni ilé ní kí n wá nǹkan ṣe sí i láì gba èèyàn kún un. Títí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ la máa ń sáré, síbẹ̀ àwọn kan á ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ipò tuntun, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ má tíì fọwọ́ kan rótà, ìwé tí ẹ fi ń pín iṣẹ́. Bí èèyàn ò bá ti tó, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ká máa ti orúkọ síbí, ká tì í sọ́hùn-ún, tàbí ká máa lé àwọn kéárà ní eré. Kéárà tó ń wẹ arúgbó kọ́ ló ń fi àkókò ṣòfò. Àárín yàrá kan sí èkejì ni àkókò yín ń sọnù sí.

Ẹ wá òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa pín oògùn. Ẹ mú bébà àti bírò, kí ẹ tẹ̀lé kéárà kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di aago mọ́kànlá. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ lẹ fẹ́ wò, kì í ṣe òun. Ẹ má wulẹ̀ kọ ohun tó ṣe. Ohun tó dá a dúró ni kí ẹ kọ.

Mo lè sọ díẹ̀ nínú ohun tí ẹ máa rí. Kéárà á wẹ bàbá kan tán. Bàbá ò lè dìde fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ hoist ló máa gbé e, èèyàn méjì ló sì gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀. Kéárà á yọjú sí kọ́rídọ̀, kò ní rí ẹnì kankan. Ẹnì kejì wà ní yàrá 21, ó dúró ti ìyá kan nílé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì jẹ́ fi ìyá sílẹ̀ kó má baà ṣubú. Aṣọ ìnura ni bàbá fi bora, òtútù ti ń mú un. Nígbà tí ẹnì kejì á fi dé, sling bàbá, aṣọ tí hoist fi ń gbé e, ti wà nílé ìfọṣọ. Wọ́n rí sling tán, pad (ìlédìí àgbà) tó bá a mu ò sí nínú yàrá mọ́. Sítọ́ọ̀ wà ní ìpẹ̀kun kọ́rídọ̀ kejì, ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn ni kọ́kọ́rọ́ sì wà. Wọ́n á lọ dá nọ́ọ̀sì náà dúró. Nọ́ọ̀sì á pàdánù ibi tó kà dé, á tún oògùn náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìyẹn ló ṣe é tún ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ so kéárà ní méjì-méjì, kí ẹ fún méjì kọ̀ọ̀kan ní àwọn yàrá tí wọ́n máa bójú tó, kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo hoist, kí wọ́n tó pín ara wọn sọ́dọ̀ àwọn tó lè ran ara wọn lọ́wọ́. Kí olúkúlùkù ẹni tó ń lo hoist ní sling méjì tirẹ̀, kí ọ̀kan máa wà nínú yàrá bí èkejì bá lọ fún fífọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ni kó máa kún yàrá pẹ̀lú pad, ìbọ̀wọ́ àti ohun ìnura. Kí ẹ sì yọ kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ kúrò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Ẹ tún béèrè pé ta ló ní gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ ti wọṣọ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ní ọ̀pọ̀ ilé, kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó ṣe òfin náà. Ẹni tó ti ń jí láago márùn-ún láti ìgbà èwe rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ rí tíì kí aago mẹ́wàá tó lù náà wà níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn tàbí lọ́wọ́ ọmọ wọn, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú wọn, kí oúnjẹ àárọ̀ sì wà láti aago méje ààbọ̀ títí di mẹ́wàá ààbọ̀. Iṣẹ́ tó ń rọ́ lu yín pa pọ̀ á tú ká. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di pé kí àwọn alẹ́ máa jí arúgbó tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣìnà láago márùn-ún, kí ọ̀sán lè rọrùn. Ìwà ìkà nìyẹn, bí àwọn olùyẹ̀wò CQC, àjọ tó ń yẹ ilé ìtọ́jú wò ní England, bá sì yọ láàárọ̀ kùtù, ojú wọn ò ní fo irú ẹ̀ dá.

Oògùn ló wúwo jù. Ká ní nọ́ọ̀sì kan ń pín in fún gbogbo 40 èèyàn, tí ìṣẹ́jú mẹ́rin sì ń lọ sórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: 160 ìṣẹ́jú nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni ò bá tilẹ̀ pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́jọ, ó parí láago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó gba paracetamol gbẹ̀yìn kò lè gba òmíràn títí di aago mẹ́ta ku ogún ọ̀sán, nítorí wákàtí mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà láàárín. Ọ̀sán ti dàrú láti àárọ̀ nìyẹn. Ẹ bẹ apoògùn yín àti dọ́kítà pé kí wọ́n tún oògùn olúkúlùkù yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀ẹ̀kan-lójúmọ́ ni kì í ṣe dandan kó jẹ́ àárọ̀. Atorvastatin, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, bí àpẹẹrẹ, ìgbàkigbà lójúmọ́ ló ṣe é lò. Alendronic acid ọlọ́sẹ̀-ọlọ́sẹ̀, oògùn egungun, ń fẹ́ inú òfìfo, ẹni tó bá lò ó kò sì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Levodopa tí àwọn alárùn Parkinson ń lò ni ẹ ò gbọ́dọ̀ sún láìjẹ́ pé dọ́kítà ní kí ẹ sún un. Bí tirẹ̀ bá pẹ́, ara ẹni náà lè le gan-an kó má lè gbé síbí sẹ́nu, kéárà méjì á wá máa ṣe ohun tí ẹnì kan ì bá ṣe. Kí ẹlòmíràn máa gbé fóònù, kó sì máa dá dókítà àti àwọn ẹbí lóhùn nígbà tí kẹ̀kẹ́ oògùn bá wà nílẹ̀.

Ti ìwé kíkọ ò gba àlàyé púpọ̀. Bí ẹ bá ti ń kọ ọ́ sórí tablet, ẹ dẹ́kun kíkọ ọ́ sí bébà. Kí kéárà sì kọ ọ́ nínú yàrá lójú ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n ń dúró kọ láago méje ààbọ̀ alẹ́, àròsọ ló pọ̀ nínú ẹ̀.

Ó wá kan rótà wàyí. Ìwé tí ẹ kọ lọ́jọ́ tí ẹ tẹ̀lé kéárà á ti fi wákàtí tó le jù hàn yín. Dípò wákàtí méjìlá gbáko fún gbogbo ènìyàn, ẹ dá ṣífìtì kúkúrú sílẹ̀, méje sí mọ́kànlá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí físà rẹ̀ fún un ní 20 wákàtí lọ́sẹ̀ lè ṣe márùn-ún nínú ẹ̀ láì rú òfin. Kí rótà máa jáde lọ́sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kí ẹ má sì máa fi WhatsApp jí ẹni tó wà lọ́jọ́ ìsinmi. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025 ni ìjọba Britain ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbígba kéárà tuntun láti òkè òkun, nítorí náà ẹni tó bá fi yín sílẹ̀ lónìí, ẹ ò lè retí pé ẹnì kan máa ti Ìbàdàn wá rọ́pò rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra gidi lórí àwọn tí ilé yín gba físà fún, pàápàá àwọn ọmọ wa. Wọn kì í kọ̀ ṣífìtì nítorí ẹ̀rù físà, ara wọn á sì ti wó kí ẹ tó mọ̀. Òfin fi 48 wákàtí lọ́sẹ̀ ṣe gbèdéke, tí a bá pín in dọ́gba, àfi ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun gbà láti kọjá rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gé, ohunkóhun tó wù kí ọ̀gá yín wí: èèyàn méjì nídìí hoist, yíyí ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, àti omi mímu. Egbò ẹ̀yìn kan ṣoṣo, tí àìyí èèyàn padà ń fà, á gba àkókò nọ́ọ̀sì ju gbogbo ohun tí ẹ rò pé ẹ ti dín kù lọ.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún òwúrọ̀ kan tẹ̀lé, kí ẹ fi ìwé méjèèjì síwájú ẹni tó ni ilé. Òfin England ò sọ iye kéárà tó yẹ fún arúgbó mélòó. Regulation 18 nínú òfin náà kàn ní kí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ tó ní iye ni. Nítorí náà, ìwé tó sọ bí olúkúlùkù arúgbó ṣe nílò ìrànlọ́wọ́ tó, tí ẹ ń tún ṣe lóṣooṣù, ni ẹ̀rí yín. Bí ìyẹn bá ṣì fi hàn pé èèyàn ò tó, ẹ̀yin àti mánéjà ẹ ní ẹ ò ní gba arúgbó tuntun wọlé ná, kí ẹ kọ ọ́ sí ọ̀gá, kí ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, bá pe ẹnikẹ́ni lọ́la, PIN yín, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín, ni wọ́n máa wò.