Ṣé mo lè dá gun kẹ̀kẹ́ yí Isle of Wight ká lóòjọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹni ọdún 52 ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni mo sì ń gbé. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn lọ́mọdé, mo sì ti padà sídìí rẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Mo máa ń gùn tó máìlì 25 lọ́jọ́ Sátidé. Mo fẹ́ dá lọ yí Isle of Wight ká lóṣù kẹfà, kí n sì padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ mi ní kò yẹ kí obìnrin dá irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rìn. Ṣé ó ṣeé ṣe? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí n ṣe bí táyà bá jò níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni?
Ìyá Ìbejì, Peckham

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ó ṣeé ṣe, inú mi sì dùn pé ẹ fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ yí gbogbo erékùṣù náà ká lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ yíká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 70, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè sì pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Ẹni tó ń gun máìlì 25 lè fi ọkàn akin parí rẹ̀, àmọ́ tó bá fi máa di ọ̀sán, táyà iwájú nìkan ni ojú rẹ̀ yóò máa wò, kò sì ní rí ohun tó tìtorí rẹ̀ wá. Ẹ mú apá ìwọ̀-oòrùn, tó jẹ́ nǹkan bíi máìlì 40 ó lé díẹ̀, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Waterloo láàárọ̀ Sátidé, nítorí pé wọn kì í sábà gba kẹ̀kẹ́ nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ nígbà tí èrò bá pọ̀. Ẹ pààrọ̀ ọkọ̀ ní Brockenhurst, kí ẹ sì sọ̀ ní Lymington Pier, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó gan-an. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni yóò fi gbé yín dé Yarmouth, lórí erékùṣù náà. Atẹ́gùn ló jẹ́ kí n yan ibẹ̀ fún yín. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ó sábà máa ń fẹ́ lágbègbè yìí, nítorí náà bí ẹ bá gbéra ní Yarmouth tí ẹ sì jẹ́ kí òkun wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀yìn díẹ̀ ni atẹ́gùn yóò ti máa fẹ́ sí yín níbi tí kò ti sí igi tàbí ilé tó lè dí i. Ẹni tó gba òdì kejì yóò máa bá a jìjàkadì jù yín lọ níbẹ̀.

Láti Yarmouth dé Freshwater, ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Yar ni ẹ óò gbà. Ó tẹ́jú, kò sì sí mọ́tò níbẹ̀. Lẹ́yìn Freshwater Bay ni òkè ńlá àkọ́kọ́ wà. Bí ó bá gba agbára yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tí ẹ bá dókè, ẹ bojú wẹ̀yìn: gbogbo ẹsẹ̀ òkè tó dojú kọ òkun funfun bí ẹfun. Ọ̀nà tí ẹ wà yẹn, Military Road, nítorí àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ṣe là á ní ọ̀rúndún 19, òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ wá bá a láti ìgbà náà, nítorí náà ẹ má ṣe kúrò lójú ọ̀nà lọ dúró sétí bèbè láti ya fọ́tò. Ṣọ́ọ̀bù kò pọ̀ níbẹ̀ títí dé Chale. Ẹ gbé ìgò omi méjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti mọ́ínmọ́ín tútù dání.

Ní Chale, ẹ yà sáàárín ilẹ̀ gba Chale Green àti Chillerton lọ sí Newport, kí ẹ sì ti ibẹ̀ kọjá sí East Cowes. Ibẹ̀ ni Osborne House wà, òun gan-an ló sì mú kí n gé ọ̀nà yín kúrú. Ọbabìnrin Victoria ló ni ín, inú rẹ̀ ló sì kú sí ní 1901, ṣùgbọ́n nítorí Àìná ni mo ṣe ń rán yín lọ, ẹni tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ àmútọ̀runwá bíi ti Táíwò àti Kẹ́hìndé yín. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì mú un ní Òkè-Ọ̀dàn ní 1848, ó sì di aláìlóbìí. Ní 1850, Gezo, ọba Dàhòmì, fi í ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ nípasẹ̀ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, Frederick Forbes; láti ara orúkọ Forbes àti ti ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọmọ náà ní Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin gbọ́ bùkátà rẹ̀, ó sì di ìyá ìsàmì fún ọmọbìnrin tí Àìná bí fún James Davies, oníṣòwò ará Èkó. Ní 2020, wọ́n gbé àwòrán Àìná tí Hannah Uzor yà sí Osborne. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n gbé àwòrán náà síta fún ènìyàn láti wò lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Wákàtí méjì ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ilé náà, kí ẹ má sì kánjú.

Láti East Cowes sí Cowes, ọkọ̀ tó ń tọ ṣéènì sọdá odò Medina ni ẹ óò wọ̀. Ẹ wádìí ní Newport kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ óò ní láti padà sí Newport kí ẹ gba òdì kejì odò. Láti Cowes, ẹ gba Porchfield padà sí Yarmouth.

Ní ti táyà, ẹ má bẹ̀rù. Tèmi jò lọ́nà tóóró kan létí Chillerton, níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ọgbà ẹlẹ́gùn-ún. Mo pààrọ̀ tíúbù, mo fẹ́ ẹ, ó tún jò kí n tó lọ tó máìlì kan, nítorí pé n kò yọ ẹ̀gún náà. Ẹ fi àkísà rọra nu inú táyà yíká títí yóò fi há, kí ẹ fa ẹ̀gún náà yọ, kí ẹ tó fi tíúbù tuntun sí i. Tíúbù méjì, irin ìṣítáyà méjì àti pọ́ǹpù kékeré tó. Ẹ tú táyà ẹ̀yìn yín kí ẹ sì dè é padà nínú ilé lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ọjọ́ náà, nítorí pé ẹ̀yìn ni ṣéènì wà, òun ló sì ń dààmú ènìyàn.

Fún àwọn ọmọ yín, ẹ kọ àkókò ọkọ̀ ojú omi àlọ àti àbọ̀ sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì pè wọ́n láti Chale àti láti Osborne. Ẹ má fi ọkọ̀ tó kẹ́yìn lálẹ́ ṣe èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀; èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ fojú sí.