Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ṣé ìrìn jẹ́jẹ́ lè ba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ onígi ni mo ní, ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì sílíńdà mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, ẹrù la fi ń kó láti Àjàṣẹ́ lọ sí Aguégués, nígbà míì a máa ń dé Ganvié. Nítorí akájà, ìyẹn ẹ̀ka igi táwọn apẹja ń rì mọ́ inú omi, àti àwọ̀n wọn, àti pé gasoil, epo dísẹ́lì, ti wọ́n, mi ò kí ń tẹ̀ ẹ́ rárá, ìdajì ìyára ẹ̀ ni mò ń lò, tá a bá sì dúró ní èbúté mo máa ń jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lásán kó lè máa gba iná sí bátìrì. Ní báyìí èéfín búlúù ń jáde, nǹkan dúdú kan tó ń yọ̀ ń kán lẹ́nu sáléńsà, ó tún ń mu ọ́ìlì. Mẹ́káníìkì ní ká tú u palẹ̀. Àbúrò mi ní kpayo, epo fàyàwọ́ etí títì yẹn, ló fà á. Kí lẹ rí sí i?
Ọlọ́kọ̀ kan, Àjàṣẹ́

Èsì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ẹ má tíì tú nǹkankan. Kpayo lè ní ẹ̀bi tiẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá da essence, ìyẹn pẹtiróòlù, pọ̀ mọ́ gasoil, torí ọ̀rá inú gasoil náà ló ń jẹ́ kí pọ́ǹpù ẹ̀ máa yọ̀ dáadáa, àmọ́ gbogbo àmì tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí, ti ẹ́ńjìnnì tí kì í ríṣẹ́ ṣe ni. Kì í ṣe ìrìn jẹ́jẹ́ fúnra ẹ̀ ló ń pa á o, òtútù àti àìríṣẹ́ṣe ni.

Ẹ wò ó, dísẹ́lì ò ní plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i bíi ti ẹ́ńjìnnì essence. Atẹ́gùn tí písítìnnì fún pọ̀, ní ìlọ́po 16 dé 22, ló ń gbóná kọjá 500°C tí epo fi ń gbiná. Ẹ ní ìdajì ìyára lẹ ń lò, ẹ̀yin á rò pé ìdajì agbára náà nìyẹn, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí elíìsì, irin alábẹ̀bẹ̀ tó ń yí nísàlẹ̀ omi yẹn, bá ń yí ní ìdajì, agbára tó ń béèrè ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40, iṣẹ́ ẹṣin 5 péré ló ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́! Epo bíńtín tó ń wọlé ò lè mú ògiri sílíńdà gbóná, kò ní jóná tán, bí igi tútù nínú ààrò. Èyí tí ò jóná á lẹ̀ mọ́ èédú, òun ló ń kán lẹ́nu sáléńsà yẹn, òmíì á ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ písítìnnì wọnú ọ́ìlì. Láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣíná sí i, ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì jáde, ẹ fi ìka méjì fọwọ́ ra á: tó bá fẹ́lẹ́, tó ń rùn gasoil, tàbí tó ga ju ibi tẹ́ ẹ fi í sí lọ, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ti ọ́ìlì tó ń mu, ríǹgì písítìnnì ni, segment táwọn mẹ́káníìkì wa ń pè é. Agbára ìjóná ló ń tì wọ́n mọ́ ògiri sílíńdà kí wọ́n lè dí i. Níbi tí agbára ò sí, gáàsì gbígbóná á máa sá kọjá, á máa sun ọ́ìlì mọ́ ògiri yẹn títí á fi dán gbinrin. Bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti ha ìlà wẹ́wẹ́ sí i lára kí ọ́ìlì lè rí ibi dúró sí, tí ìlà yẹn bá ti kún, ọ́ìlì á máa gòkè lọ jóná, èéfín búlúù dé nìyẹn.

Ó yá, ẹ jáwọ́ nínú fífi ẹ́ńjìnnì gba iná sí bátìrì ní èbúté, ìyẹn gan-an ló burú jù, sólà kékeré kan á ṣe é. Ẹ sì wò ó bóyá tamọsítáàtì ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, torí àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti máa yọ ọ́ dànù pé ooru ilẹ̀ wa ti pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú jàre. Òun ló ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì lè gbóná dé ibi tó yẹ, bíi 75 sí 85°C fún èyí tó ní omi tiẹ̀ nínú. Èyí tó ń fa omi ọ̀sà wọlé tààrà, nǹkan bí 60 ni, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ iyọ̀ á máa dì sí i nínú, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ọ̀sà wa máa ń níyọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo ìrìn, tó bá ti gbóná dáadáa, ẹ wá ibi tí omi ti fẹ̀ tí ò sí akájà, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ dé bíi 90 nínú 100 ìyára tí wọ́n kọ sára irin àkọlé ẹ̀, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Èéfín dúdú á kọ́kọ́ rọ́ jáde, ẹ má jáyà, ẹ̀gbin tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ ló ń jáde. Tó bá ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn sí i wọnú ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó rọra ṣiṣẹ́ lásán fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kẹ́ ẹ tó pa á. Tí kò bá tiẹ̀ lè dé ìyára yẹn tó kàn ń tu èéfín dúdú ṣáá, elíìsì ti tóbi jù fún un nìyẹn, àbí koríko ló wé mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe báyìí fún bí oṣù kan tó ṣì ń mu ọ́ìlì, ó di dandan kẹ́ ẹ gbọ́ ti mẹ́káníìkì, kó ha ògiri sílíńdà padà kó sì fi segment tuntun sí i. Kò sí oògùn inú ìgò tó lè ṣe ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín.

Gasoil tẹ́ ẹ sì ń tọ́jú, ẹ máa tọ́jú ẹ̀ lọ, òótọ́ ni pé ìrìn jẹ́jẹ́ kì í jẹ epo.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní àwọn ọkọ̀ ńlá orí òkun náà ń rìn jẹ́jẹ́ torí epo. Tiwọn ò bàjẹ́ ni?
Akẹ́kọ̀ọ́, Kétu

Èsì: Òótọ́ ni. Láti bí 2008 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kọ̀ǹténà tó ń sáré nọ́ọ̀tì (ìwọ̀n ìyára ọkọ̀ ojú omi) 24, 25 ti rọra wá sí bíi 18 sí 20. Àmọ́ wọ́n ṣètò ẹ́ńjìnnì náà fún un: fáànù oníná ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nígbà tí tọ́bò ò bá lágbára tó, àwọn kan tiẹ̀ ń dí tọ́bò kan pa kí ìyókù lè ríṣẹ́ ṣe, wọ́n sì pààrọ̀ ẹnu tó ń tu epo kó má bàa máa kán. Síbẹ̀ wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fọ̀ ọ́. Ìyọnu tiwọn ni sọ́fọ̀ (sulphur) inú epo, tó ń di ásíìdì lára ògiri sílíńdà tó bá tutù, tó sì ń jẹ irin.

Ìbéèrè: Jẹnẹrétọ̀ dísẹ́lì 20 kVA ni mo fi ń tan gílóòbù àti tẹlifísàn nìkan. Ó ń rú èéfín, ẹnu ẹ̀ ń tutọ́ dúdú.
Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Ṣábẹ̀ẹ́

Èsì: Ìyá wa, àìsàn kan náà ni. Ẹ́ńjìnnì yín ò gbọ́dọ̀ máa ṣe iṣẹ́ tó kéré sí bíi 30 nínú 100 fún wákàtí gígùn, fún tiyín nǹkan bíi 5 kW nìyẹn. Ẹ máa tan fíríìjì, pọ́ǹpù omi àti áyọ́ọ̀nù pọ̀ mọ́ ọn lásìkò kan náà, kẹ́ ẹ sì pa á tẹ́ ẹ bá ṣe tán. Tí ò bá sí nǹkan tẹ́ ẹ lè gbé lé e, ẹ tà á, kẹ́ ẹ ra kékeré.