Ẹ Bi Wá: Ṣé Ọtí Dúdú Tó Korò Yìí Ti Bàjẹ́ Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó ń gbé Amẹ́ríkà wálé fún Ojúde Ọba, ó sì mú ìgò bíà kékeré kan wá fún mi. Dúdú ni bí Odeku, wọ́n sì kọ 9% sí i lára. Mo gbé e sínú fíríìjì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo mu ún, kíkorò rẹ̀ bo gbogbo adùn mọ́lẹ̀, òórùn èèpo ọsàn sì ń jáde díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni, àbí èmi ni n kò mọ bí wọ́n ṣe ń mu ún?
Òǹkàwé yín, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ọtí yín kò bàjẹ́ rárá, òtútù ló pa adùn rẹ̀. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ó jọ irú èyí tí àwọn apọntí Amẹ́ríkà ń pè ní Black IPA (India Pale Ale dúdú), ìyẹn bíà dúdú tó máa ń korò, tó sì máa ń ní òórùn dáadáa. Ọkà báálì tí wọ́n yan títí ó fi dúdú ló fún un ní àwọ̀ àti ìtọ́wò kọfí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ hops ni òórùn ọsàn yẹn ti wá. Òdòdó ni hops, wọ́n sì ń gbìn ín lọ́pọ̀ yanturu ní Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington, àti ní Hallertau ní Jámánì. Èyí tí wọ́n bá sè pẹ́ ló ń mú ọtí korò. Èyí tí wọ́n bá fi sí i nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tàbí lẹ́yìn tó ti tutù, ló ń fún un ní òórùn, nítorí pé òróró ara rẹ̀ kò bá ooru lọ. Guinness tí wọ́n ń pọn ní Ìkẹjà láti ọdún 1962 náà ní hops nínú, ṣùgbọ́n nítorí kíkorò ni wọ́n ṣe ń fi sí i. Kíkorò nìkan kò sì ṣòro rí: àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa ti dán orógbó àti ewúro wò dípò hops, ọtí náà sì korò.

Nígbà tí bíà bá tutù jù, ahọ́n kì í mọ adùn ọkà mọ́, òórùn kì í sì í gòkè. Ẹ gbé e kúrò nínú fíríìjì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó ṣí i. Ẹ dà á sínú gíláàsì, kó má kún, kí ẹ sì kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ nígbà tí ìfófó aláwọ̀ ilẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ mu díẹ̀, kó yí ẹnu ká, kí ẹ sì dúró ná lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì: ìtọ́wò kọfí ló ń ṣáájú, ọsàn a tẹ̀lé e, kíkorò a wá jókòó sí ẹ̀yìn ahọ́n. Adùn ibẹ̀ pọ̀, ẹni tí kò bá kánjú ni yóò rí i.

Ní tèmi, n kò ní fi ọbẹ̀ ayamáṣe tì í, bí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ tó, nítorí ata àti ọtí líle a máa jó ọ̀nà ọ̀fun pọ̀. Ẹran díndín tí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n ló bá a mu.

Ẹ má fojú kékeré wo ìgò náà o. Bí ó bá jẹ́ 33cl, agbára inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìgò bíà ńlá 60cl tó jẹ́ 5%, nítorí náà ènìyàn méjì ni kó pín in, kí ẹni tó máa wa ọkọ̀ lọ sí Ṣágámù má sì sí lára wọn. Bí òmíràn bá kù, inú fíríìjì tàbí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn ni kó wà, kí ẹ sì tètè mu ún, nítorí òórùn hops kì í pẹ́ ṣá.