Ọmọ ọdún 13 tí a kò rí nínú ìwé ìkànìyàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Norwich ní England ni mò ń gbé, ọmọ Norfolk, agbègbè tí Norwich wà, sì ni ọkọ mi. À ń wá ìtàn ìdílé rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. A rí bàbá ńlá rẹ̀ kan nínú ìwé ìkànìyàn 1841: ọdún 30, "Ag Lab". Ní 1851, ọdún 43 ni wọ́n kọ sí i. Wọn kò kọ iṣẹ́ kankan síwájú orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 3 ní 1841 kò sì sí nínú ilé mọ́. Ṣé ó ti kú ni? Ṣé ọkùnrin kan náà tiẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú aápọn, mà. Ẹ má tíì ka ọmọ yẹn mọ́ òkú.

Ti bàbá kò le. Ní 1841, wọ́n ní kí akànìyàn máa gé ọjọ́ orí ẹni tó bá ti ju ọdún 15 lọ sísàlẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún. Ẹni ọdún 33 tàbí 34 á di 30. Ti ọmọdé ni wọ́n kọ bó ṣe rí, nítorí náà ẹ gba ọdún 3 yẹn gbọ́. "Ag Lab" ni alágbàṣe oko, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ owó lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ẹni tó sùn sílé ní òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 1851 nìkan ni ìwé kejì yẹn ń kà. Ọmọ alágbàṣe tó bá ti tó ọdún 12, 13, ó sábà máa ń ti kúrò nílé kí ẹnu tó ń jẹun lè dín. Ní àkókò Michaelmas, àjọ̀dún Kristẹni ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, tí ìkórè ti parí, àgbẹ̀ olóko á gbà á fún ọdún kan. Ibẹ̀ ni yóò máa sùn, tí yóò máa fọ abọ́, tí yóò máa fún wàrà màlúù. Ibẹ̀ náà ni akànìyàn yóò ti bá a.

Nítorí náà, ẹ lọ wo ilé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé yẹn àti èyí tó yí i ká. Wọn kò ṣòroó dá mọ̀: ní 1851, wọ́n ní kí àgbẹ̀ sọ iye éékà ilẹ̀ rẹ̀ àti iye alágbàṣe tó gbà. Ẹ ka ìyàwó rẹ̀, ẹ ka àwọn ọmọ, kí ẹ wá tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ "servant", ọdún 12 tàbí 13, àti abúlé tí wọ́n ti bí i. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ ìdílé. Àdàkọ ni ìwé tí ẹ ń wò. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n pín sílé kò sí mọ́, bí akànìyàn sì ṣe gbọ́ orúkọ ló máa ń kọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀wé. Orúkọ àbísọ, ọjọ́ orí àti ibi ìbí ni kí ẹ fi wá a. Bí ẹ kò bá rí i rárá, ìgbà yẹn ni kí ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ òkú, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1837.

Ti ìyá ló máa ń dùn mí jù. Ní Norfolk, pàápàá ní Castle Acre, àwọn obìnrin àti ọmọdé máa ń kó ara wọn jọ lọ sóko olóko: wọ́n ń tu koríko, wọ́n ń ṣa òkúta. Ó pọ̀ débi pé ilé aṣòfin ní láti ṣòfin ní 1867 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 sínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oòjọ́ ni, iṣẹ́ àsìkò. Akànìyàn á kọ ti ọkọ, á fi ti ìyàwó sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé ìdílé fún àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "kò ṣiṣẹ́" síwájú orúkọ rẹ̀. "Wọn kò kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀" ni kí ẹ kọ.