Wọ́n ní kí n tọwọ́ bọ̀wé kó tó di ọjọ́ Ẹtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Odógunyàn, níbí ní Ìkòròdú, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 7 sẹ́yìn. Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà, ₦90,000 sì ni owó oṣù mi. Oṣù 8 sẹ́yìn ni ẹ̀rọ gé mi níka. Ọjọ́ náà gan-an ni mo sọ fún ọ̀gá wa, wọ́n sì gbé mi lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ Ajé, HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pè mí pé iṣẹ́ ti dín kù, pé àwọn á fún mi ní ₦450,000, kí n fọwọ́ sí ìwé pé mo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ mi, n kò sì ní pe àwọn lẹ́jọ́ láéláé. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ Ẹtì, kí n má sì fi han ẹnikẹ́ni. Mo tún rí i pé owó ìfẹ̀yìntì oṣù 14 kò wọ àkáǹtì mi. Ìyàwó mi ní kí n gbà á, torí owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n, ẹ sì kú ìrọ́jú ìka yín. Ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ó lè jẹ́ pé ẹ ó padà gba owó náà, n kò sì dá ìyàwó yín lẹ́bi rárá, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń tà kí ẹ tó tà á.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin iṣẹ́ ọdún 1996 sọ pé irú ìwé yìí kò lè dí òṣìṣẹ́ lọ́nà ilé ẹjọ́, àfi bí ẹni tó mọ̀fin, tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, bá ti là á yé e kó tó fọwọ́ sí i. Òfin tiwa kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Níbí, bí ẹ bá ti tọwọ́ bọ̀wé, ohun tí adájọ́ á kọ́kọ́ gbà ni pé àgbàlagbà ni yín, ẹ sì mọ ohun tí ẹ ṣe. Bí wọ́n bá fipá mú yín tàbí tí wọ́n tàn yín, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa mú ẹ̀rí wá. Obìnrin kan mú tirẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tó ti fọwọ́ sí i tán. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí ọ̀nà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ₦450,000 yẹn. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù yín, kí ẹ̀yin dá ìdá 8. Lórí ₦90,000, ìyẹn jẹ́ ₦16,200 lóṣù. Oṣù 14 di ₦226,800. Ẹni tó bá sì ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, òfin iṣẹ́ ní kí wọ́n fún un ní ìkìlọ̀ oṣù kan, tàbí owó oṣù kan dípò rẹ̀: ₦90,000. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦316,800. Gbèsè tí wọ́n jẹ yín tẹ́lẹ̀ nìyẹn, a ò sì tíì ka ọjọ́ ìsinmi tí ẹ kò lò. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ọdún 7 àti ìka yín ni ₦133,200. Lójú tèmi, ó kéré jù. Owó ìfẹ̀yìntì náà kì í sì í ṣe owó àfúnlọ́wọ́. Inú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín ló yẹ kí wọ́n san án sí.

Ọ̀rọ̀ ìka yẹn ló ká mi lára jù. Òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ sọ fún ilé iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, ẹ sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ní kí ẹ béèrè owó ìfarapa yín lọ́wọ́ NSITF, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, kí ọdún kan tó pé. Oṣù 4 ló kù fún yín. Òfin kan náà sọ pé òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ kò lè jọ ṣàdéhùn pé òṣìṣẹ́ yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, mo ti rí ẹni tó rò pé ìwé tí òun fọwọ́ sí ti gba ti NSITF náà lọ, tó jókòó sílé títí ọdún fi pé. Ẹ má jókòó. Ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù wọn lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ti pé iṣẹ́ dín kù, ẹ béèrè àwọn mìíràn tí wọ́n dá dúró. Òfin ní kí ilé iṣẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, ẹni tó dé kẹ́yìn ló sì yẹ kó kọ́kọ́ lọ, bí ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìṣeéfọkàntán wọn bá dọ́gba. Bí ọmọ tó dé ní ọdún tó kọjá bá ṣì wà nídìí ẹ̀rọ yín, ẹ sọ fún lọ́yà yín.

Lọ́yà yín ni mo wí o. Èyí tó jókòó ti HR, ilé iṣẹ́ ló ń sanwó rẹ̀, bó ti wù kó rẹ́rìn-ín sí yín tó. Bí ọwọ́ kò bá tẹ owó lọ́yà, ọ́fíìsì Public Defender ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kì í gbowó. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn tí owó wọn kò ju ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí, ni òfin wọn fi ṣáájú, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lọ sí ti Èkó. Ẹ mú ìwé tí wọ́n fún yín dání, ìwé ìgbaniṣíṣẹ́, ìwé owó oṣù, ìwé ọsibítù, àti àkọsílẹ̀ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín. Bí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ bá le, ẹ ní kí ó kà á sí yín létí ní Yorùbá, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Ti pé kí ẹ má fi han ẹnikẹ́ni kò kàn yín báyìí. Ìwé tí ẹ kò tíì fọwọ́ sí kò lè dè yín lẹ́nu. Lálẹ́ òní, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí HR lórí WhatsApp tàbí ímeèlì, kí ó lè wà lákọsílẹ̀: “Ẹ kú alẹ́, mo ti rí ìwé yín, mo sì dúpẹ́. Mo fẹ́ kí agbẹjọ́rò mi bá mi wò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ 7.” Kò sí ìjà nínú ìyẹn.

Bí owó náà bá ṣàdédé wọ báńkì yín kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan, ẹ má ná an. Láti ọdún 1990 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ pé ẹni tó bá gba owó lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró kò tún lè máa jiyàn pé ìdádúró náà kò bófin mu. Ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an pé ẹ kò tíì gbà pé ẹ̀tọ́ yín pé.

Ẹ lè máa bẹ̀rù pé wọ́n á bínú, wọ́n á sì gba owó náà padà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbuwọ́lùwé yín ni wọ́n fẹ́ rà pẹ̀lú ₦450,000 yẹn, títí di ìgbà tí ẹ bá sì fọwọ́ sí i, ọwọ́ yín ló ṣì wà.